Efínrín Màmá Àgbà: Bí A Ṣe Ń Gbìn Ín, Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ẹ̀, àti Sáyẹ́ǹsì Tó Wà Nídìí Ẹ̀

Lónìí, ewé kan tí ọ̀pọ̀ yín ti mọ òórùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó mọ orúkọ ẹ̀ la fẹ́ yẹ̀ wò. Efínrín ni.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí olùkọ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: efínrín méjì ló ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ nínú ilé tí mò ń gbé ní Ìbàdàn. Ìkíní gbẹ tán bí ìgbálẹ̀. Ìkejì jẹrà láti ìsàlẹ̀. Mo gbà pé ọwọ́ mi ni kò dára, mo sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ìgbà kẹta ló wá di ọ̀ràn. Màmá àgbà wa, ìyá tó bí ìyá mi, ní efínrín kan lẹ́yìn ilé ìdáná wọn ní Iléṣà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń rí i níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń já ewé sínú ọbẹ̀ ẹja tútù. Lẹ́yìn tí Màmá re ibi àgbà ń rè, ẹbí pinnu pé ká tún ilé náà kọ́. Ìyá mi pè mí lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹrin, wọ́n ní:

"Àwọn bíríkìlà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé o. Gbogbo ẹ̀yìnkùlé yẹn ni wọ́n máa ro dànù. Tó o bá fẹ́ nǹkan kan níbẹ̀, yáa tètè lọ mú un."

Mo ní, "Efínrín Màmá ni mo fẹ́, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó o ti pa méjì?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó ti ìwé. Ohun tí mo kọ́ àti ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún yín báyìí.

Kí ni efínrín gan-an?

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é ni Ocimum gratissimum. Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden tó ṣètò bí a ṣe ń sọ àwọn ohun ẹlẹ́mìí lórúkọ, ló fún un lórúkọ yìí ní ọdún 1753. Ní èdè Látìn, gratissimum túmọ̀ sí "èyí tó dùn mọ́ni jù lọ". Àwọn Ìgbò ń pè é ní nchanwu, àwọn Haúsá ń pè é ní daidoya. Àwọn ará Brazil ní tiwọn ń pè é ní alfavaca-cravo. Cravo yẹn, kànáfùrù ni. A máa tó rí ìdí tí wọ́n fi dárúkọ kànáfùrù mọ́ ọn.

Efínrín ńlá ni mò ń sọ o, kì í ṣe efínrín wẹ́wẹ́. Efínrín wẹ́wẹ́ kì í ga, ewé ẹ̀ kéré, ó sì sábà máa ń so èso tán kó sì kú láàárín ọdún kan. Efínrín ńlá kì í kú bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ á le, á di igi, á sì máa rúwé láti ọdún dé ọdún. Bó bá rí ilẹ̀ tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè ga ju ènìyàn lọ.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n dájú, ẹ fi ìka méjì yí ọ̀pá ẹ̀ tó ṣì rọ̀. Kò rí róbótó, igun mẹ́rin ló ní. Ẹ wá wo ewé ẹ̀. Méjì-méjì ni wọ́n, wọ́n kọjú síra wọn. Méjì tó wà lókè á dábùú méjì tó wà nísàlẹ̀, kí ewé òkè má baà gba gbogbo oòrùn mọ́ ewé ìsàlẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀pá onígun mẹ́rin àti ewé méjì-méjì yìí wọ́pọ̀ nínú ìdílé Lamiaceae, ìdílé kan náà tí míńtì àti táìmù ti wá.

Níbo ni òórùn ẹ̀ ti ń wá?

Tẹ́ ẹ bá fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ewé efínrín, ẹ máa rí irun kéékèèké lára ẹ̀, ẹ máa sì rí àwọn àpò róbótó tíntìntín láàárín wọn. Inú àpò wọ̀nyí ni òróró ẹ̀ wà. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bò wọ́n. Bẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ ra ewé náà, awọ yẹn á ya, òróró á tú jáde, á fò sínú afẹ́fẹ́, á sì wọ imú yín. Ìdí nìyẹn tí efínrín tó kàn dúró jẹ́ẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá tí aṣọ yín kàn án, òórùn á gba gbogbo ibẹ̀ kan.

Oríṣiríṣi kẹ́míkà ló wà nínú òróró yìí, àmọ́ méjì ló gbajúmọ̀ jù: eugenol àti thymol. Eugenol ló ń mú kí kànáfùrù máa rùn bí kànáfùrù. Thymol wà nínú táìmù tí a ń fi sínú sítúù. Kì í ṣe gbogbo efínrín ló ní wọn ní iye kan náà. Ti ibì kan lè kún fún thymol, kí ti ibòmíràn kún fún eugenol, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yà kan náà ni wọ́n. Ìran tí efínrín kọ̀ọ̀kan ti wá ló ń pinnu èyí tó máa pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Kì í ṣe nítorí ọbẹ̀ tiwa ni efínrín ṣe ń ṣe òróró yìí o. Ohun ìjà ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ kòkòrò tó bá gé e jẹ ni ẹnu á ta.

Ìdí tí ti àkọ́kọ́ fi kú: oòrùn

Efínrín mi àkọ́kọ́, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ síńkì nínú ilé ìdáná, níbi tí oòrùn ò dé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ga gọ̀gọ̀rọ̀, ọ̀pá ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ewé ẹ̀ funfun rọ́rọ́, ó sì fì sí ọ̀nà fèrèsé. Inú mi ń dùn pé ó ń dàgbà! N ò mọ̀ pé ebi ló ń pa á.

Oòrùn ni efínrín fi ń se oúnjẹ. Ó máa ń fa omi láti inú ilẹ̀, á gba carbon dioxide láti inú afẹ́fẹ́, á sì fi agbára ìmọ́lẹ̀ sọ méjèèjì di ṣúgà. Ohun tí à ń pè ní fótósíńtẹ́sísì nìyẹn. Nínú ṣúgà yìí ló ti ń rí ohun tó fi ń ṣe ewé, igi, gbòǹgbò, àti òróró olóòórùn yẹn pàápàá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, gbogbo ìwọ̀nba tó ní ló máa ná sórí gíga, kó lè wá ìmọ́lẹ̀ lọ. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ auxin ló ń darí ẹ̀. Auxin máa ń pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá tó wà nínú òkùnkùn, ẹ̀gbẹ́ yẹn á wá gùn ju ìkejì lọ, ọ̀pá á sì tẹ̀ sí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wá ibi tí oòrùn ti máa ràn án fún ó kéré tán wákàtí 6 lójúmọ́. Ìta gbangba ló dára jù. Bálíkónì tó kọjú sí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn tún lè ṣe é, bí ilé ẹlòmíràn ò bá dí i.

Ìdí tí ìkejì fi kú: omi àpọ̀jù

Ìkejì, mo gbé e síta. Ṣùgbọ́n mo fi abọ́ sábẹ́ ìkòkò ẹ̀ kí ilẹ̀ má baà dọ̀tí, mo sì ń bomi rin ín láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Abọ́ yẹn kì í gbẹ láé. Nígbà tó yá, ewé ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Mo rò pé òùngbẹ ni. Mo tún fi omi kún un.

Gbòǹgbò ń mí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ọ́síjìn tó wà nínú àwọn àlàfo kéékèèké inú erùpẹ̀ ló ń lò. Bí omi bá kún gbogbo àlàfo yẹn, gbòǹgbò ò ní lè mí mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, olú wẹ́wẹ́ tó ń fa ìjẹrà á sì dà bò ó. Gbòǹgbò tó ti kú ò lè fa omi mọ́. Ìdí nìyẹn tí ewé fi ń rọ bíi ti èyí tí òùngbẹ ń gbẹ, nígbà tó jẹ́ pé inú omi ló dúró sí.

Ìka ni ẹ máa fi wọn omi. Ẹ ki ìka ìlábẹ̀ bọ inú erùpẹ̀ títí dé oríkèé ẹ̀ kejì. Bó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá ti gbẹ, ẹ bomi rin ín dáadáa títí omi á fi ro jáde nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì da èyí tó bá wà nínú abọ́ nù.

Bí a ṣe ń gé e gbìn

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo dé Iléṣà. Efínrín Màmá ṣì wà níbẹ̀, ó ti lọ́jọ́ lórí, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti le bí igi ìdáná. Èso ẹ̀ pọ̀, mo sì lè gbọn irúgbìn ẹ̀ lọ sílé. Ṣùgbọ́n oyin àti àwọn kòkòrò míì máa ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó láti orí efínrín kan sí òmíràn, nítorí náà ọmọ tó bá ti inú irúgbìn hù lè má jọ ìyá ẹ̀ pátápátá. Òórùn ẹ̀ lè yàtọ̀. Ẹ̀ka tí a bá gé gbìn ní tiẹ̀, ẹ̀dà ìyá ẹ̀ gan-an ni. Efínrín Màmá gan-an ni mo fẹ́, nítorí náà mo gé ẹ̀ka.

Mẹ́jọ ni mo gé. Mo fi aṣọ tútù wé wọn, mo sì kó wọn bọ̀ ní Ìbàdàn. Mo fi mẹ́rin sínú ife omi, mo gbin mẹ́rin sínú ilẹ̀.

Mo ti kàwé pé efínrín fẹ́ràn oòrùn, àbí? Mo bá gbin àwọn mẹ́rin yẹn sínú oòrùn ọ̀sán gangan. Kó tó di ọjọ́ kẹta, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kú. Ẹ̀ka tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ò ní gbòǹgbò. Ewé ẹ̀ ń sọ omi nù sínú afẹ́fẹ́, kò sì sí ohun tó ń fa òmíràn wá rọ́pò ẹ̀. Ibòji ló yẹ kó kọ́kọ́ wà, kó tó bọ́ sínú oòrùn.

Nínú mẹ́rin tó wà nínú omi, méjì jẹrà, nítorí mo jẹ́ kí ewé wọn wọ inú omi, n ò sì tètè pààrọ̀ ẹ̀. Méjì yòókù ta gbòǹgbò, ọ̀kan lọ́jọ́ kẹsàn-án, ìkejì lọ́jọ́ kejìlá. Mo gbìn wọ́n. Lóru ọjọ́ kan, òjò rọ̀, ìgbín jáde, ó jẹ ọ̀kan títí dé ìdí.

Ó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo. Lákòókò yẹn, àwọn bíríkìlà ti ro ẹ̀yìnkùlé Iléṣà tán. Kò sí ibi tí mo tún lè padà lọ gé e.

Ẹ wò ó, bó ṣe yẹ kí n ṣe é nìyí, kẹ́ ẹ má baà ṣe àṣìṣe tèmi:

1. Ẹ yan ẹ̀ka tí kò ní òdòdó, tí kò rọ̀ jù, tí kò sì tíì di igi. Ẹ gé e ní gígùn bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Ìsàlẹ̀ oríkèé ni kẹ́ ẹ ti gé e, nítorí gbòǹgbò sábà máa ń yọ níbẹ̀.

2. Ẹ já gbogbo ewé ìsàlẹ̀ kúrò. Ẹ fi mẹ́rin péré sílẹ̀ lókè. Bí ewé bá tóbi jù, ẹ gé e sí méjì, kí omi tó ń sọ nù lè dín kù.

3. Ẹ fi í sínú ife omi, kí ewé kankan má kan omi. Ẹ pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́. Bó bá jẹ́ erùpẹ̀ lẹ fẹ́ lò, kí ó tutù díẹ̀ nígbà gbogbo, kó má kún fún omi.

4. Ẹ gbé e sí ibi tó mọ́lẹ̀ àmọ́ tí oòrùn ò ti ràn án tààrà. Auxin tó ń ti orí ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ á kó jọ síbi tẹ́ ẹ ti gé e, òun ló sì máa sọ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ pé kí wọ́n di gbòǹgbò. Ó sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

5. Bí gbòǹgbò bá ti gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5, ẹ gbìn ín. Oòrùn àárọ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó rí fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wá gbé e sínú oòrùn pátápátá.

Bó bá jẹ́ irúgbìn lẹ ní, ẹ fọ́n ọn sórí erùpẹ̀ tó kúnná, kẹ́ ẹ rọra fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ má bò ó jinlẹ̀. Hóró ẹ̀ kéré gan-an, oúnjẹ inú ẹ̀ kò lè gbé e jáde láti ìsàlẹ̀ jíjìn.

Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà olómi lítà 20 ni mo lò. Mo fọ̀ ọ́ mọ́, mo sì fi irin gbígbóná lu ihò mẹ́fà sí ìdí ẹ̀. Mo po erùpẹ̀ dúdú ìwọ̀n méjì, yanrìn ìwọ̀n kan, àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà ìwọ̀n kan. Yanrìn ló ń jẹ́ kí omi ráyè ṣàn jáde. Ìgbẹ́ adìẹ ló ń fún un ní nitrogen, tí ewé nílò gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹ má lo ìgbẹ́ adìẹ tútù o! Iyọ̀ àti amonia inú ẹ̀ pọ̀ jù. Bí iyọ̀ inú ilẹ̀ bá pọ̀ ju ti inú gbòǹgbò lọ, gbòǹgbò ò ní rí omi fà mọ́, ewé á sì jó bí ẹni pé iná rà á. Ẹ jẹ́ kó jẹrà fún oṣù bíi mélòó kan, títí kò fi ní rùn mọ́, tí á sì dà bí erùpẹ̀.

Ẹ já a, kó lè pọ̀ sí i

Mo bẹ̀rù láti fọwọ́ kan efínrín mi kan ṣoṣo yẹn. Ó ga tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ọ̀pá kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ìwé ní kí n gé orí ẹ̀. Mo di ojú, mo gé e.

Orí ọ̀pá ló ń ṣe auxin jù. Bí auxin yẹn bá ń sọ̀ kalẹ̀, á máa mú kí àwọn ojú tó wà ní ìdí ewé kọ̀ọ̀kan máa sùn. Bẹ́ ẹ bá gé orí yẹn, àwọn ojú tó wà nísàlẹ̀ á jí. Méjì-méjì ni ewé efínrín, nítorí náà ẹ̀ka méjì ló sábà máa ń yọ níbi tẹ́ ẹ bá gé. Méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Ẹ gé e sókè oríkèé díẹ̀, ẹ má sì gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ewé ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan.

Bó bá ń yọ òdòdó, tó sì jẹ́ ewé lẹ fẹ́, ẹ já òdòdó náà dànù. Bí efínrín bá ti ń so èso, kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè rúwé mọ́. Mo máa ń fi ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún àwọn oyin ṣá.

Àwọn ọ̀tá ẹ̀

Òróró yẹn ò lé gbogbo kòkòrò. Tata máa ń jẹ ẹ́, ìgbín ńkọ́? Ẹ máa yẹ ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì wò lálẹ́, kẹ́ ẹ fọwọ́ mú wọn. Bẹ́ ẹ bá rí èèrà tó ń tò gun efínrín yín, ẹ yí ewé padà. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí kòkòrò tíntìntín aláwọ̀ ewé tàbí dúdú tó ń mu omi ara ewé. Omi dídùn ni wọ́n ń yà, òun ni èèrà ń wá, èèrà sì máa ń dáàbò bò wọ́n bí darandaran ṣe ń dáàbò bo màlúù. Ẹ fi omi fọ̀ wọ́n dànù. Bí wọn ò bá lọ, ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ omi, kẹ́ ẹ fín in sábẹ́ ewé nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ sì fi omi lásán ṣan án láàárọ̀. Ẹ fọ ewé dáadáa kó tó wọ ìkòkò ọbẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ, ewé á máa tètè sọ omi nù. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo orí erùpẹ̀ kó má baà tètè gbẹ. Lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́ta, tí ewé bá ti dín kù tí gbogbo ẹ̀ ti di igi, ẹ gé e kù díẹ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gé ẹ̀ka titun gbìn, nítorí ọjọ́ ọ̀la.

Ọ̀rọ̀ kan nípa oògùn

Lóòótọ́, wọ́n ti dán òróró efínrín wò nínú yàrá ìwádìí, ó sì pa àwọn bakitéríà kan. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú abọ́ yàrá ìwádìí yàtọ̀ sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nínú ara ènìyàn. Ẹ jẹ ẹ́ nínú ọbẹ̀. Bí inú rírun tàbí ibà bá le, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ, pàápàá tó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì efínrín lẹ́nu ọ̀nà ò sì lè rọ́pò àwọ̀n ẹ̀fọn, torí pé òróró ẹ̀ kì í tú jáde tó bí kò bá sí ohun tó rà á.

Ìdánwò tẹ́ ẹ lè ṣe nílé

Ẹ gé ẹ̀ka méjì lára efínrín kan náà. Nígbà tí méjèèjì bá ta gbòǹgbò, ẹ gbìn wọ́n sínú ìkòkò méjì tó dọ́gba. Ẹ gbé ọ̀kan sínú oòrùn, ẹ gbé ìkejì sínú ilé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ wọn gíga wọn, ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín oríkèé kan sí èkejì, kẹ́ ẹ ra ewé wọn kẹ́ ẹ sì gbóòórùn ẹ̀. Ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ bá rí, oòrùn ló ṣe é, torí ẹ̀dà ara wọn ni méjèèjì.

Ẹyọ kan tó kù lọ́wọ́ mi yẹn, ó ti di igbó báyìí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni mo gé mẹ́fà lára ẹ̀, márùn-ún sì yè. Mo gbé ọ̀kan lọ fún ìyá mi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n já ewé kan, wọ́n rà á láàárín àtẹ́lẹwọ́, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n sì dákẹ́ díẹ̀.

"Ti Màmá ni," ni wọ́n sọ.

Lọ́jọ́ náà, ọbẹ̀ ẹja tútù la jẹ. Ẹ lọ gbin tiyín o. Ó dìgbà kan ná.